Orin Ọ̀nà Ìgèdè Tí A Gé Sí Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, 2025

Òjò láti àárọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí mo ń kọ́ wọn nítorí ariwo páànù, èmi náà kò sì bínú sí i.

Ènìyàn mọ́kànlá ló wá wò wá ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo kà wọ́n láti ẹ̀yìn dùùrù mi. Mẹ́ta nínú wọn sùn, ọ̀kan sì ni ẹni tó ni gbọ̀ngàn, tó ń dúró kí á parí kó lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí a kọ "Ọ̀nà Ìgèdè" tán, ìṣẹ́jú méjìlélógún gbáko, àtẹ́wọ́ tó tẹ̀lé e kò tó èyí tí wọ́n ń pa fún ọmọdé tó bá ka ẹsẹ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bámgbóyè ń tú ìlù rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀bùn, mẹ́sàn-án ni wọ́n lóṣù tó kọjá. A ń gbèrú." Adélékè kò rẹ́rìn-ín. Òun ló dá ẹgbẹ́ Àpáta Mẹ́rin sílẹ̀ nígbà tí a wà ní yunifásítì, ọdún mẹ́sàn-án rèé, òun náà ló sì ń lọ bẹ gbogbo onígbọ̀ngàn. Ó rọra ká wáyà gìtá rẹ̀, ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Mi ò lè máa kọrin fún àga mọ́."

Yétúndé, ọmọ ìyá Bámgbóyè tó kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, ni Dùnmínínú wá rọ́pò láti máa kọrin. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ojú wa ṣì ń tì í. Mi ò dá a lẹ́bi. Kò rọrùn láti máa kọ orin tí wọ́n fi dárò ẹni tí ó dúró síbi tí o dúró sí yìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Ìsinmi ìjọba. Adélékè mú ọ̀gbẹ́ni kan wá sí yàrá tí a ti ń dánra wò lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Adébáyọ̀. Olúwajùwọ́nlọ ni, wọ́n ń pè é ní Jùwọ́n. Ọmọ Ìbàdàn ni, Èkó ló ti ń bá àwọn olórin ṣe àwo, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sítúdíò rẹ̀ wá sí Adó. Mo ti múra sílẹ̀ láti kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ "Ọ̀nà Ìgèdè" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì wo fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa rí, àfi àwọn tó bí wa.

Lẹ́yìn náà ó ní kí a padà sí ìṣẹ́jú kẹrìnlá. "Ta ni obìnrin tí ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀ yẹn?"

Bámgbóyè ní, "Ìyá mi ni."

Jùwọ́n fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa. Ó ní, "Ẹ má bínú o. Gbogbo ìyókù, ẹ kàn ń rìn lọ síbẹ̀ ni. Orin yín gan-an nìyẹn. Ẹ fún mi ní ibẹ̀ yẹn, ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, pẹ̀lú ìlù tí ènìyàn lè jó sí. Kò sí ilé tí wọn ò ní gbọ́ ọ."

Adélékè wo ilẹ̀. Bámgbóyè wò mí, nítorí pé èmi ni mo lọ gba ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìgèdè, èmi ni mo sì ṣe ìlérí fún un. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ronú sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgèdè láti lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ Màmá, ìyá Bámgbóyè, kí á lè gé orin náà. N kò sọ fún Bámgbóyè.

Ó jókòó síwájú ilé, ó ń bó iṣu. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí Màmá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà, ṣùgbọ́n bírò pupa kò kúrò létí rẹ̀. Tí ìwé ìròyìn bá dé ọwọ́ rẹ̀, á máa fa igi sábẹ́ àṣìṣe inú rẹ̀. Òun ló kọ́ èmi àti Yétúndé ní dò-rè-mí ní pírámárì, òun náà ló sì nà wá nígbà tí a kọ fà síbi tó yẹ kí á kọ mí.

Mo ní, "Ẹ kú ulé, Mà."

Ó ní, "Ọmọ mi, káàbọ̀. Uyán kò ní pẹ́ dé."

Mo jókòó síbi tí mo jókòó sí lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ọkọ̀ tí Yétúndé wọ̀ láti Adó ló dojú dé lójú ọ̀nà yìí kan náà, kò tó ibùsọ̀ méjì sílé wọn. Nínú ilé tiwọn, ìyá tó bá sin ọmọ máa ń dúró síta kí ọjọ́ mẹ́jọ tó pé, á pe ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta bó ṣe máa ń pè é láti ibi eré nígbà tó wà ní kékeré. Màmá pè é. "Yétúndé o, bọ̀ s'úlé." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Àwọn ará ilé sì dá a lóhùn láti inú wá: "Ó ti dé ulé, ìyá, simi o." Bí wọ́n bá ti dáhùn báyìí, ó parí, ìyá kò ní pè mọ́.

Nígbà tí mo gbé fóònù wá pé kí ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i fún orin wa, ó kọ́kọ́ kọ̀. Ìgbà tó yá ló gbà, ó kó àwọn ará ilé jọ kí wọ́n lè dáhùn. Ó ní, "Ẹ̀bùn, bí ẹ bá gbé upè mi síta, ẹ gbé udáhùn tẹ̀lé e. Bí mo bá pè é tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, mo tún ti lé ọmọ mi padà sójú ọ̀nà nìyẹn." Mo gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀, mo ní mo gbọ́.

Lónìí, mo jẹ iyán, mo tún bu òmíràn. Mo sọ̀rọ̀ òjò, mo sọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé ìwé wa àti wíìgì rẹ̀. N kò sọ ohun tí mo wá sọ. Bí mo ṣe dìde, Màmá wò mí láti òkè awò rẹ̀. Ó ní, "Kí lo wá sọ tí o kò sọ?" Mo ní kò sí nǹkan kan, Mà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Kò síná, ọjọ́ kẹrin rèé. Epo bẹntiróòlù tún ti gbówó lórí. Adélékè ní sólà ni Jùwọ́n ń lò, pé iná kì í kú níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Gbogbo wa lọ sí sítúdíò. Ó mọ́, ó tutù, kò sí aláǹgbá lára ògiri. Mo jẹ́wọ́ pé ara tù mí.

Jùwọ́n ní kí Bámgbóyè lu ìlù náà ní mẹ́rin, kí á máa kà á ní mẹ́rin-mẹ́rin bí orin ijó. Méje ni "Ọ̀nà Ìgèdè", Bámgbóyè ló fi méje sí i, ó ní bí Yétúndé ṣe máa ń rìn nìyẹn, ẹsẹ̀ ọ̀tún á yá, ti òsì á máa wo nǹkan lọ́nà. Ó lù ú ní mẹ́rin bí wọ́n ṣe ní kó lù ú. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ó kàn jẹ́ pé mi ò rí i kó lulù pẹ̀lú ojú báyẹn rí, ojú ẹni tó ń fọ abọ́ onílé.

Jùwọ́n yẹ́ ẹ sí, ó ní ó dára púpọ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra sọ pé ẹ̀rọ ni òun máa lò fún ìlù nínú èyí, kí ó lè bá ti àwọn yòókù lórí rédíò mu. Bámgbóyè ní kò burú. Ó ní àgbàdo òun ní Ìgèdè ti ń fẹ́ ẹni tó máa ro ó, òun á lọ lo ọ̀sẹ̀ kan. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀bùn, o ti bá Màmá sọ̀rọ̀, àbí?"

Mo ní mo ti lọ kí i. Òótọ́ ni pé mo lọ kí i.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

N ó kọ eléyìí bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ni mo yà sí sítúdíò. Jùwọ́n nìkan ló wà níbẹ̀. Ó gbé ohùn Màmá sójú kọ̀ǹpútà, ó ní èdè Èkìtì kò yé òun, pé kí n fi ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí hàn òun. Mo fi ìka mi hàn án. Ó gé e. Ó ní orúkọ yẹn á mú kí àwọn ènìyàn máa bèèrè ẹni tó jẹ́, pé ṣé a lè yọ ọ́. Mo fi ibi tí orúkọ Yétúndé parí sí hàn án. Ó gé ìyẹn náà. Ó wá ku "bọ̀ s'úlé" nìkan. Èmi ni mo bá a tò ó, ẹ̀ẹ̀méjìlá nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Mo sọ fún un nípa ìdáhùn. Mo sọ ohun tí Màmá sọ, gbogbo rẹ̀. Ó fetí sílẹ̀, ó ní òun á fi í sí ìparí, kí ó jẹ́ pé òun ni yóò pa orin náà dé. Nígbà tó fi ìlù ẹ̀rọ sí abẹ́ rẹ̀, tí Dùnmínínú sì ti kọ ti tirẹ̀ sórí rẹ̀, ó dára. Ọlọ́run mọ̀ pé ó dára. Ẹsẹ̀ mi ń jó lábẹ́ àga.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo ń ṣọ́ àwọn SS3 nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ kan tán ni tèmi gbọ̀n. Jùwọ́n kọ̀wé pé pẹ̀lú ìdáhùn, orin náà di ìṣẹ́jú mẹ́rin àti àbọ̀, rédíò kò ní gbà á. Ó ní Adélékè ti gbà pé kí á yọ ọ́, àmọ́ òun ò ní fọwọ́ kàn án tí èmi kò bá gbà. Ó ní ọ̀la ló ń jáde.

Mo fi fóònù sábẹ́ tábìlì, mo kọ "Ó dáa" ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì. Ọmọ tí mo gba fóònù rẹ̀ ń wò mí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù Kéje

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, orin wa ti gba ìlú. Onímọ́tò tó gbé mi láti Adébáyọ̀ ń fi í sí rédíò ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń ta káàdì fóònù níwájú báńkì ń fi í. Nígbà tí mo fi dùùrù kọ orin ìjáde ìsìn tán lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ akọrin wá yí mi ká, wọ́n ní, "Àǹtí Ẹ̀bùnọlá, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?" Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọrin, ẹnikẹ́ni nínú ìjọ yẹn kò bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà purọ́ fún ara mi tó bá yá.

Bámgbóyè kò gbé fóònù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó wá bá mi ní ilé ìwé lákòókò ìsinmi àwọn ọmọ. Ó dé fìlà, kì í dé fìlà. Nígbà tó ṣí i, ìdajì orí rẹ̀ ni wọ́n fá.

Ó ní, "Ọ̀dọ̀ bábà ni mo wà ní Ìgèdè. Ó ń fá orí mi lọ́wọ́, ni mo gbọ́ ohùn Màmá nínú rédíò. Mo dìde. Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti wà báyìí."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló jáde lójú mi.

"Ta ló gé e, Ẹ̀bùn?"

"Èmi ni."

"Ta ló ní kí wọ́n yọ udáhùn?"

"Wọ́n bi mí. Mo ní ó dáa."

Ó jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́, orúnkún rẹ̀ kò sì gbà lábẹ́ tábìlì. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó ní, "Tó bá jẹ́ Lékè ni, mo mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ Jùwọ́n, ta ni mo fẹ́ bá wí, kò mọ̀ wá rí. Àmọ́ ìwọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Màmá pè é. Ìwọ lo di ọwọ́ Màmá mú. Orúkọ ọmọ yẹn gan-an kò sí níbẹ̀ mọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ bá Màmá fúnra mi. Ó ní Màmá kò tíì gbọ́, pé òun ti yọ bátìrì inú rédíò ilé. Ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ìdánrawò sórí tábìlì mi, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ. Aago dún, àwọn ọmọ wọlé, wọ́n ń fi ẹnu kọ orin náà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Mi ò lè jẹun. Adélékè ní á tán lára Bámgbóyè, pé òun mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kò mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

A kọrin ní pápá ní Adó. Mo gbìyànjú láti ka àwọn ènìyàn láti ẹ̀yìn dùùrù, mo kà dé igba, mo fi sílẹ̀. Òjò ṣú, kò rọ̀. Adélékè wọ ẹ̀wù funfun, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ti ọkọ ìyàwó. Ní ipò tí Bámgbóyè máa ń jókòó sí, tábìlì kékeré kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lé.

Nígbà tí ohùn Màmá jáde, gbogbo pápá bá a pè. "Bọ̀ s'úlé." Àgbà, èwe, nọ́ọ̀sì tó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́, ọlọ́kadà lórí ọ̀kadà rẹ̀. Wọ́n ń jó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè. Dùnmínínú bú sẹ́kún lórí pèpéle nítorí ayọ̀, ọmọ náà kò mọ nǹkan kan, mo dì mọ́ ọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo jó. Ìgbà tí mo délé tí mo bọ́ bàtà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ọjọ́ ìbí Yétúndé ni òní.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ogún

Bámgbóyè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti ọjọ́ fìlà yẹn. Mo dà á kọ síbí.

"Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣájì fóònù níwájú ilé wa ra sípíkà ńlá. Màmá ti gbọ́ ọ. Kò sunkún. Ó ń dá a lóhùn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti fi í, á dìde, á dá a lóhùn tán kó tó jókòó. Mo ti ní kí wọ́n má fi í mọ́, wọ́n ní rédíò ni, kì í ṣe àwọn. Lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo lọ sí Ìgèdè. Ní gbogbo ọ̀nà mo ń tò ó lẹ́nu bí n ó ṣe bẹ̀bẹ̀. Ìwúlò kankan kò sí fún un.

Màmá ń bó iṣu. Ó ní, "Ọmọ mi, káàbọ̀," bí ìgbà gbogbo. Mo kúnlẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ṣọ́ọ̀bù òdìkejì bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ dùùrù mi, mo gbọ́ ẹ̀rọ tó ń lu ìlù, lẹ́yìn náà ohùn Màmá gan-an, tó kéré tó sì yá ju bó ṣe pè é lọ. Màmá fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó dìde dúró gangan bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Nígbà tí ohùn inú sípíkà pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dáhùn. "Ó ti dé ulé, ìyá, simi o." Ó tún pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tún dáhùn. Ìgbà mẹ́rin, nítorí pé ìgbà méjìlá ni mo tò ó. Àwọn ọmọ tó ń ṣájì fóònù ń wò ó, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, èkejì gbá a lórí.

Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó mú ọ̀bẹ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀bùn, uṣẹ́ tí mo fún ọ, o kò parí rẹ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kí ló dé?"

Mo wá gbogbo ohun tí mo ti tò lẹ́nu, mi ò rí ọ̀kan. Mo ní, "Ó gùn jù fún wọn, Mà."

Ó ronú sí i. Ó bó iṣu kan tán. Ó ní, "Udáhùn yẹn gùn jù?" Kò fi ṣe ẹ̀gàn, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Mo sunkún gan-an. Ó jẹ́ kí n sun ún tó, lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá a lè pe orin náà padà. Mo ní kò ṣeé ṣe, ó ti wọ fóònù gbogbo ènìyàn, kódà ní ìlú òyìnbó. Ó mi orí. Ó ní, "Kò burú. Mo ń bá ọ parí rẹ̀."

Bámgbóyè ń ro ẹ̀yìn ilé. Kò wá síwájú títí mo fi lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ

Mo bá Jùwọ́n àti Adélékè jà ní sítúdíò. Àbí kí n sọ pé èmi nìkan ni mo jà. Jùwọ́n kò bá mi ṣe àríyànjiyàn. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dá ìdáhùn padà síbi tó yẹ, ó dá orúkọ Yétúndé padà, ó gbé e jáde lójú mi. Adélékè ní kí n má retí ohun púpọ̀. Ó ní, "Mo fẹ́ràn Yétúndé náà, Ẹ̀bùn." Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti fẹ́ fẹ́ ẹ nígbà kan.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Ènìyàn mẹ́tàdínlógójì ló ti gbọ́ èyí tó pé. Mo rò pé ogún nínú wọn, èmi ni. Mo gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò méjì fúnra mi. Wọ́n gbà á tìdùnnú-tìdùnnú, wọ́n bá mi ya fọ́tò, wọ́n sì ń fi ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Iṣu tuntun ti kún ẹ̀gbẹ́ títì láti Adó dé Ìgèdè. Mo ra mẹ́rin fún Màmá.

Ohùn ti há mọ́ ọn lọ́fun. Nọ́ọ̀sì ní kí ó sinmi, kó má sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó jókòó síwájú ilé pẹ̀lú ìwé àti bírò pupa rẹ̀, ó ń kọ ohun tó bá fẹ́ sọ. Ó kọ ọ́ fún mi pé iṣu mi kéré.

Nǹkan bí aago mẹ́rin, wọ́n tún fi orin náà ní òdìkejì. Màmá fi ìwé sílẹ̀, ó fẹ́ dìde. Mo gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀. Èmi ni mo dìde. N kò tíì sọ ìdáhùn yẹn sókè rí láyé mi, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Nígbà tó di ìdáhùn kejì, mo gbọ́ ẹni tó ń gbá igi lẹ́yìn mi. Bámgbóyè ti wá láti ẹ̀yìn ilé, ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọ̀pá ọkọ́ lu ẹsẹ̀ àga. Méje ló ń lù, kò bá ẹ̀rọ yẹn lọ rárá, kò sì bìkítà. Kò wò mí. Ó dáhùn pẹ̀lú mi ní ìgbà kẹta àti ìkẹrin, lẹ́yìn náà ó mú ọkọ́ rẹ̀, ó padà sẹ́yìn ilé.

Mo rò pé Màmá máa sunkún. Ó mú ìwé, ó kọ̀wé, ó sì fà á lé mi lọ́wọ́: "Wọn á tún fi í lọ́la?"

Mo ní, "Wọn á tún fi í, Mà."

Ó gbà á, ó kọ: "Aago mélòó?"

"A ò lè mọ̀, Mà."

Ó tún kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, ó sì fa igi sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì bó ṣe máa ń ṣe fún ohun tí kò gbọdọ̀ fò wá. "Mo wà n'úlé."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo ń bọ̀ láti Ìgèdè. Ohùn Màmá kò tíì padà. Bámgbóyè bá mi gbé àpò dé ìdíkọ̀, ó dúró títí ọkọ̀ fi kún.

Bí a ṣe kọjá ibi tí ọkọ̀ Yétúndé dojú dé, wọ́n fi orin náà lórí rédíò. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í bá a pè. Mo dáhùn, mo sì dáhùn sókè, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí orin fi tán. Àwọn èrò yíjú sí mi. Dẹ́rẹ́bà wò mí nínú dígí, ó rẹ́rìn-ín, kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò mọ orin yìí dáadáa. Ibẹ̀ yẹn kò sí nínú rẹ̀."

Mo ní ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, èmi ni mo yọ ọ́.